Ohun tí mo sanwó fún lórí pikọ́ọ̀pù mi, àti ọ̀kan tí mo fò tó ń dùn mí

Oṣù mẹ́rìnlá rèé tí pikọ́ọ̀pù yìí ti wà lọ́wọ́ mi. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó ń fa ẹrù, kò sì tíì já mi kulẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa kí n tó rà á ni ìwé tí wọ́n to àwọn ẹ̀rọ àfikún sí: kámẹ́rà oríṣiríṣi, rédà, síkírínì ńlá, síkírínì kékeré, iná mànàmáná lẹ́yìn ọkọ̀, àga tó ń gbóná, àga tó ń tutù. Ọkùnrin tó ń tà á fún mi ní, "Ọ̀gá, ẹ kúkú mú gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ọkàn yín lè balẹ̀." Mo ní ọkàn mi á balẹ̀ lóòótọ́, àpò mi ńkọ́?

Káfíńtà ni mí. Pákó àti àpótí irinṣẹ́ ló máa ń wà lẹ́yìn ọkọ̀ mi, mo sì máa ń fa tírélà lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀. (Tírélà tí mò ń wí kì í ṣe ọkọ̀ gìrìwò tó ń gbé kọ̀ǹténà o. Èyí pẹlẹbẹ tó ní táyà mẹ́rin, tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí à ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ni.) Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo wá ń bi ara mi lórí gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yẹn: bí nǹkan yìí kò bá sí, ta ni yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀? Bó bá jẹ́ ọwọ́ mi tàbí fóònù mi ni, mo fò ó. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ní láti dúró sẹ́yìn ọkọ̀ kó máa pariwo, mo sanwó. Ìbéèrè yìí kó mi yọ lọ́pọ̀ ibi, ó sì ṣì mí lọ́nà níbì kan. Màá dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọkọ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù Karùn-ún ọdún 2018 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ọkọ̀ tuntun tí òṣùwọ̀n rẹ̀ tòun tẹrù kò tó pọ́n-ùn 10,000 ní kámẹ́rà rìfáàsì, ọ̀pọ̀ pikọ́ọ̀pù sì bọ́ sábẹ́ òfin yìí. Nítorí náà, bí ẹni tó ń ta ọkọ̀ bá ń fi kámẹ́rà ẹ̀yìn lásán yangàn fún yín, ẹ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ kọjá. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè ni bóyá kámẹ́rà náà ń rí bọ́ọ̀lù irin tí à ń so tírélà mọ́, bóyá ó lè fa àwòrán ibẹ̀ súnmọ́ni, àti bóyá ìlà kan wà láàárín tó ń yí bí sitiárìn bá ṣe ń yí.

Nígbà tí mo ṣì ń wa ọkọ̀ àtijọ́, ọmọ iṣẹ́ mi ló máa ń dúró sẹ́yìn. "Ẹ máa bọ̀, ọ̀gá. Ẹ máa bọ̀. Ó ku díẹ̀." Lẹ́yìn náà, gbàà! "Ó ti kàn o." Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn tẹ̀ wọnú níbì kan, ojú ibẹ̀ sì rí gẹ́lẹ́ bí ẹnu tírélà, ìyẹn irin iwájú rẹ̀ tó ń gbé bọ́ọ̀lù mì. Ní báyìí, màá ki jíà sí rìfáàsì, màá tẹ àwòrán bọ́ọ̀lù lójú síkírínì, ìlà kan á sì yọ láti orí bọ́ọ̀lù lọ sẹ́yìn. Mo kàn ń yí sitiárìn díẹ̀díẹ̀ ni títí ìlà yẹn á fi dúró sórí ẹnu tírélà, màá wá jẹ́ kí ọkọ̀ máa rá sẹ́yìn. Bó bá ku bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, màá fa àwòrán náà súnmọ́. Ìṣẹ́jú méjì, ó parí, mi ò pe ẹnikẹ́ni. Ọmọ iṣẹ́ mi ní ẹ̀rọ yìí ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ òun, inú rẹ̀ sì ń dùn bó ṣe ń sọ ọ́.

Àléébù rẹ̀ ni pé ojú kámẹ́rà náà kéré bí ojú ẹja, ẹrẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré sì ti tó láti fọ́ ọ lójú. Àkísà kan kì í kúrò nínú àpò ilẹ̀kùn mi nítorí rẹ̀.

Kámẹ́rà iwájú wá mọ́ ọn nínú ìdì kan náà. Mo rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni, àfi ìgbà tí mo dúró níwájú ọkọ̀ náà tí mo rí i pé bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà mi. Ọmọdé lè dúró síwájú irú bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn kí dírẹ́bà má rí irun orí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò kúrò lójú kan láì wo kámẹ́rà iwájú.

Mo dárúkọ ìdì. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dunni. Wọn kì í ta ọ̀pọ̀ nǹkan wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á dì wọ́n pọ̀, wọ́n á fi ohun tí ẹ nílò sáàárín ohun tí ẹ kò bẹ̀ wọ́n fún. Kí n tó lè rí kámẹ́rà bọ́ọ̀lù àti ẹ̀rọ bíréèkì tírélà gbà, mo ní láti gba àga tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù. Báyìí ni mo ṣe di káfíńtà tí ìdí rẹ̀ ń tutù. Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ fa ìlà sábẹ́ ohun méjì tàbí mẹ́ta tẹ́ ẹ ń wá gan-an, kẹ́ ẹ wá ìdì tó kéré jù lọ tó kó wọn pọ̀, kẹ́ ẹ sì di etí sí ìyókù.

Ẹ̀rọ bíréèkì tírélà yẹn, bí wọ́n bá ní kí n san ìlọ́po méjì, màá san án. Tírélà tèmi ní bíréèkì tó ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ sọ fún un ìgbà tí yóò mú àti bó ṣe máa mú tó. Lórí ọkọ̀ àtijọ́, mo ní kí ẹnì kan bá mi so èyí tí a rà lọ́tọ̀ mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Orúnkún mi ń gbá a ní gbogbo ìgbà, ẹni tó so ó kò sì so wáyà rẹ̀ dáadáa; bí òjò bá rọ̀, tírélà á kàn máa tì mí lẹ́yìn bí màlúù. Èyí tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ yàtọ̀ pátápátá, torí pé òun àti bíréèkì ọkọ̀ fúnra rẹ̀ jọ ń sọ̀rọ̀ ni. Bí mo bá di ẹrù tuntun, màá sáré díẹ̀ lójú ọ̀nà tó dákẹ́, bíi kìlómítà 40 ní wákàtí, màá sì fi ìka fún ọwọ́ rẹ̀ kékeré, tó ń mú bíréèkì tírélà nìkan, pọ̀. Bí táyà tírélà bá há tó ń wọ́lẹ̀, màá dín agbára rẹ̀ kù. Bó bá ṣe bí ẹni pé kò gbọ́, màá fi kún un. Ọwọ́ kékeré yẹn náà ló ń gbani bí tírélà bá bẹ̀rẹ̀ sí jó lẹ́yìn lórí eré: ẹ fún un díẹ̀ láì tẹ bíréèkì ọkọ̀, tírélà á fà sẹ́yìn, á sì nà tààrà.

Wọ́n tún fi bọ́tìnnì róbótó kan hàn mí tó ń bá èèyàn fi tírélà ṣe rìfáàsì. Ford gbé irú rẹ̀ sórí pikọ́ọ̀pù F-150 ti ọdún 2016: ẹ ó yí bọ́tìnnì síbi tẹ́ ẹ fẹ́ kí tírélà yà sí, ọkọ̀ á fúnra rẹ̀ yí sitiárìn. Mo dán an wò, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi lè ṣe é. Ẹ di ìsàlẹ̀ sitiárìn mú, kì í ṣe òkè rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ yín bá lọ ni ìdí tírélà á lọ. Ọjọ́ Sunday kan ni mo fi kọ́ ọ, mo sì fi bọ́tìnnì náà sílẹ̀. Ẹni tó ń fa ọkọ̀ ojú omi lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún lè máà gbà pẹ̀lú mi, kò sì burú.

Bákan náà ni kámẹ́rà tó ń sọ tírélà di gíláàsì. Chevrolet àti GMC ní in lórí pikọ́ọ̀pù Silverado HD àti Sierra HD ti ọdún 2020: ọkọ̀ á pa àwòrán kámẹ́rà ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti kámẹ́rà tó wà lẹ́yìn tírélà, ẹ ó sì máa wo ọ̀nà bí ẹni pé kò sí nǹkan láàárín. Fún ẹni tó ń fa tírélà tó ga bí ilé, àǹfààní ńlá ni. Tèmi pẹlẹbẹ ni, mò ń rí òkè rẹ̀ kọjá. Mo fò ó.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó gún mi lójú. Ìwé náà ní iná mànàmáná wà lẹ́yìn ọkọ̀. Mo rí ihò pọ́lọ́ọ̀gì, inú mi dùn, mi ò béèrè iye wáàtì. Lọ́jọ́ kìíní tí mo gbé ayùn oníná síbẹ̀, abẹ rẹ̀ yí lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní "hùùn", ó kú. Iná pupa kékeré kan tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà. Wáàtì 400 ni gbogbo agbára tó wà níbẹ̀, ayùn mi sì ń fẹ́ ju 1,400 lọ. Ó ń fún bátìrì díríìlì mi lágbára dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, àmọ́ jẹnẹrétọ̀ kò tíì kúrò lórí tírélà mi. Ìyàtọ̀ tó wà nínú nǹkan yìí pọ̀ gan-an: lórí F-150 láti ọdún 2021, ẹ lè rí kílówáàtì 2 (ìyẹn wáàtì 2,000) gbà lórí èyí tó ń lo epo nìkan, èyí tó da epo pọ̀ mọ́ bátìrì ńlá bẹ̀rẹ̀ láti 2.4, ẹ sì lè fowó kún un kó di 7.2. Ìyẹn ju jẹnẹrétọ̀ mi lọ. "Iná wà" kì í ṣe ìdáhùn. Ẹ béèrè iye.

Ọ̀rọ̀ síkírínì kò gba àkókò mi rárá. Apple CarPlay àti Android Auto ti ń gbé ojú fóònù sórí síkírínì ọkọ̀ láti bí ọdún 2014 àti 2015, máàpù orí fóònù mi sì ń tún ara rẹ̀ ṣe láì gba owó lọ́wọ́ mi. Kí ni mo wá fẹ́ fi máàpù inú ọkọ̀ ṣe? Mo mú síkírínì kékeré, pàápàá nítorí pé òun ló ní bọ́tìnnì gidi fún ẹ̀rọ amúlétutù àti ohùn rédíò. Lẹ́búlẹ́bú pákó máa ń wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń wọ ìbọ̀wọ́. Síkírínì ńlá yẹn kò mọ ìbọ̀wọ́ mi rí. Ohun kan péré lẹ gbọ́dọ̀ béèrè: èwo nínú àwọn nǹkan tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì ló máa kú bí ẹ kò bá san owó oṣooṣù mọ́? Tèmi, agbára àtitan ọkọ̀ láti orí fóònù ni. Ó ti kú báyìí. Kọ́kọ́rọ́ mi ń tan ọkọ̀.

Rédà tó ń bá èèyàn tọ́jú àlàfo sí ọkọ̀ iwájú dára lójú ọ̀nà jíjìn, ẹsẹ̀ mi ń sinmi. Bí mo bá fa ẹrù tó wúwo, mo máa ń fi í sí àlàfo tó gùn jù lọ. Ẹ mọ̀ pé rédà náà sábà máa ń wà níwájú, nídìí bọ́ńpà tàbí lẹ́yìn àmì ilé iṣẹ́ ọkọ̀. Bí ẹrẹ̀ bá bò ó, yóò kọ̀ láti ṣiṣẹ́, irin gàgàrà táwọn kan ń dè mọ́ iwájú pikọ́ọ̀pù sì lè dí i lójú. Kámẹ́rà tó ń wo ìlà ojú ọ̀nà wà lẹ́yìn gíláàsì iwájú. Òkò fọ́ tèmi, mo pààrọ̀ gíláàsì, wọ́n sì ní wọ́n gbọ́dọ̀ tún kámẹ́rà náà tò kó tó lè ríran tààrà. Owó títò yẹn kò sí nínú ìṣirò mi. Ẹ fi í sínú tiyín.

Ẹ̀rọ tó ń wo atẹ́gùn táyà? Ó sábà máa ń wà lórí ọkọ̀ tuntun tẹ́lẹ̀ ná, ẹ má sanwó àfikún fún un, àfi tó bá ń wo táyà tírélà mọ́ ọn.

Ohun kan tún wà tí kò sí nínú ìwé ẹ̀rọ. Gbogbo àfikún ló ní ìwúwo, ara ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́. Sítíkà kan wà níbi tí ilẹ̀kùn dírẹ́bà ń pa dé tó sọ iye tó kù. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, torí ọkọ̀ méjì tó jọra lójú kì í ní iye kan náà. Tírélà tó bá wúwo tó kílò 2,000 máa ń gbé bíi 200 sí 300 ka ìdí ọkọ̀, inú iye yẹn náà ló ń jẹ. Òrùlé gíláàsì àti àtẹ̀gùn oníná tó ń jáde fúnra rẹ̀ wú mi lórí títí mo fi ka sítíkà ọkọ̀ tó ní wọn.

Ó wá ku ibi tí ìbéèrè mi ti tàn mí. Wọ́n ní iná kékeré kan wà nínú díńgí ẹ̀gbẹ́ tó ń tàn bí ọkọ̀ bá wà níbi tí ojú èèyàn kò dé, àti pé èèyàn lè sọ gígùn tírélà rẹ̀ fún un kó lè wo ẹ̀gbẹ́ tírélà náà. Mo bi ara mi ta ni yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí kò bá sí. Ọrùn mi, mo dáhùn. Mo fò ó. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, pákó kún tírélà, mo wo díńgí, mo yí ọrùn, kò sí nǹkan kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí yà. Fèrè kan bú sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọkọ̀ pupa kékeré kan ti wà lẹ́bàá táyà tírélà láti ọjọ́ yìí wá, ó kúrú ju pákó lọ. Ìbú ọwọ́ ló kù.

Mo padà lọ béèrè bóyá wọ́n lè bá mi fi í sí i. Ó máa gba sẹ́ńsọ̀ méjì lẹ́yìn, wáyà láti ẹ̀yìn dé iwájú, díńgí tuntun, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ gbà wọ́n. Iye tí wọ́n pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti odindi ìdì tí mo kọ̀. Mo ra díńgí róbótó kékeré méjì, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ìsàlẹ̀ díńgí ẹ̀gbẹ́. Wọ́n máa ń gbọ̀n bí mo bá ti ń sáré, àmọ́ mò ń rí táyà tírélà nínú wọn.