Monster ti Naoki Urasawa: ta ló sọ Johan di ọ̀dájú?

Oṣù kan gbáko ni mo fi ka Monster, ìtàn aláwòrán tí Naoki Urasawa ará Japan kọ tí ó sì yà, ní ilé wa ní Tánkẹ̀, Ìlọrin. Láti ìgbà náà, bí àbúrò mi bá ti Ọ̀fà wá kí mi ní òpin ọ̀sẹ̀, tí a sì kírun alẹ́ tán, ọ̀rọ̀ Johan, ọ̀dájú inú ìtàn náà, ni à ń fà mọ́ ara wa lọ́wọ́ títí oorun yóò fi gbé wa.

Láàárín ọdún 1994 sí 2001 ni ìtàn náà jáde díẹ̀díẹ̀ ní Japan, ó sì pé ìdìpọ̀ 18. Ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n pa pọ̀ sí ìdìpọ̀ 9 ni mo rà. Ọ̀tún ni a ti ń kà á bọ̀ sí òsì bíi ti Lárúbáwá, nítorí náà ẹni tó bá lọ ilé kéú kò ní í ṣìnà nínú rẹ̀.

Wọ́n pàṣẹ fún Kenzo Tenma, dókítà ọmọ Japan tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Düsseldorf ní Jámánì, pé kí ó fi ọmọdékùnrin tí ìbọn bà lórí sílẹ̀, kí ó lọ tọ́jú olórí ìlú. Ó kọ̀, ọmọ tó kọ́kọ́ dé ni ó tọ́jú. Olórí ìlú kú, ipò sì bọ́ lọ́wọ́ Tenma. Lẹ́yìn ọdún 9 ni Johan, ọmọ náà, pa ènìyàn níṣojú rẹ̀.

Àbúrò mi ní 511 Kinderheim, ilé ọmọ aláìlóbìí ní apá Ìlà-Oòrùn Berlin, níbi tí wọ́n ti ń fi ọmọ ọlọ́mọ dán nǹkan wò, ni ó ba Johan jẹ́. “Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá gbin ẹ̀gún, ṣé iṣu lẹ máa wà níbẹ̀?” N kò gbà fún un, ìdí mi sì ni Wolfgang Grimmer. Ilé kan náà ni wọ́n ti tọ́ Grimmer, débi pé ẹ̀rín rẹ̀ gan-an jẹ́ ohun tí ó kọ́, tí ọmọ rẹ̀ sì kú tí kò rí ẹkún sun. Síbẹ̀, ìdí gbígbèjà ẹni ẹlẹ́ni ni ó kú sí, ìgbà náà sì ni ìbànújẹ́ ọmọ rẹ̀ tó dé ọkàn rẹ̀.

Urasawa kò fi ìwo sí Johan lórí. Ọ̀dọ́mọkùnrin arẹwà tó ń fọhùn jẹ́jẹ́ ni ó yà. Nígbà tí Johan fi ìka kan iwájú orí ara rẹ̀, tí ó ń fi ibi tí Tenma yóò yìnbọn sí hàn án, ojú rẹ̀ tutù minimini. Mo pa ìwé náà dé fún ìgbà díẹ̀ níbẹ̀.

Ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó ni àárín ìtàn, tí àwọn ènìyàn tuntun pọ̀ jù, tí a kò sì gbúròó Johan fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ọ̀dájú tí a mọ ohun tó ń wá, kí ó lọ ka Berserk, ìtàn aláwòrán Japan mìíràn, ti Kentaro Miura: Griffith fẹ́ ìjọba tirẹ̀, ó sì fi àwọn ọmọ ogun tó fẹ́ràn rẹ̀ rúbọ. Ó dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo kà á náà ni mo lóye rẹ̀.

Ti Johan kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìparí, ó béèrè nípa ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gba ọ̀kan nínú ìbejì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀: ṣé òun ni ìyá fẹ́ dá sí, àbí ó ṣì í mú fún Anna, arábìnrin rẹ̀? Àwa tí a mọ̀ pé ohun tí a bá ṣe fún Táíwò ni a ó ṣe fún Kẹ́hìndé kò nílò àlàyé nípa irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo gbà pé ọ̀rọ̀ Johan ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi kò tíì gbà. Ó ti gbé ìdìpọ̀ 9 lọ sí Ọ̀fà láti tún ojú ìwé náà kà.