Àgbéyẹ̀wò NamUs: ohun tó wúlò fún àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ nínú àríyànjiyàn lórí àwọn obìnrin mẹ́ta Springfield

NamUs ni orúkọ tí wọ́n fún àkójọ kan ní Amẹ́ríkà, níbi tí a ti lè wá àwọn èèyàn tó sọnù àti àwọn òkú tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ orúkọ wọn. Ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ orílẹ̀-èdè náà ló ń ná owó lé e lórí, ọ̀fẹ́ sì ni fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó. Ojú ẹni tó fẹ́ràn láti máa jiyàn lórí ọ̀ràn tí kò tíì lójútùú ni mo fi ń wò ó níhìn-ín, nítorí irú wa pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì máa ń ti dá ẹjọ́ tán kó tó di pé ó béèrè ẹ̀rí. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ó ń jẹ́ kí àbá dín kù, ó sì ṣọ̀wọ́n kí a rí ohun tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín gbogbo ariwo tó yí irú ọ̀ràn báyìí ká.

Ọ̀ràn tí mo fi dán an wò ni ti àwọn obìnrin mẹ́ta tó di àwátì ní ìlú Springfield, ní ìpínlẹ̀ Missouri, ní ìdájí ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 1992. Sherrill Levitt, aṣerunlóge ẹni ọdún 47, ló ni ilé tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Suzie Streeter, ọmọ rẹ̀, jẹ́ ẹni ọdún 19, Stacy McCall, ọ̀rẹ́ Suzie, sì jẹ́ ẹni ọdún 18. Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà gan-an ni àwọn ọmọbìnrin méjèèjì gba ìwé ẹ̀rí jáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama Kickapoo. Wọ́n ti òde àríyá kan bọ́ sí òmíràn, ó sì ti tó nǹkan bí aago méjì òru kí wọ́n tó kúrò ní èyí tó kẹ́yìn. Ilé ọ̀rẹ́ kan ni wọn ì bá sùn, àmọ́ èrò ti kún ibẹ̀, ni wọ́n bá gba ilé ìyá Suzie lọ ní òpópónà East Delmar. Sherrill ní tirẹ̀ ti bá ọ̀rẹ́ kan sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù lẹ́yìn aago mọ́kànlá alẹ́, ọ̀rọ̀ àpótí aṣọ kan tó ń kùn lọ́dà ni wọ́n sì ń sọ. Ẹnikẹ́ni kò tún gbúròó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ wọn kan àti ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ dé ilé náà ní òwúrọ̀, gíláàsì tó bo iná ẹnu ọ̀nà ti fọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gílóòbù tó wà nínú rẹ̀ kò fọ́. Ọ̀dọ́kùnrin náà mú ìgbálẹ̀, ó gbá àfọ́kù náà dànù, oore ló sì rò pé òun ń ṣe. Ọkọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níta. Cinnamon, ajá kékeré tí wọ́n ń sìn, wà nínú ilé, ara rẹ̀ kò sì balẹ̀. Báàgì àwọn obìnrin náà, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àti sìgá, gbogbo rẹ̀ wà níbi tí wọ́n fi í sí. Ohùn àjèjì kan wà lórí ẹ̀rọ tó ń gba ìpè sílẹ̀, wọ́n sì ṣèèṣì pa á rẹ́. Kí wọ́n tó ké sí ọlọ́pàá, ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ ti wọlé, wọ́n ti jáde, àwọn kan sì ti bá onílé tún ilé ṣe. Ẹni tó bá ń béèrè ohun tó fà á tí àbá fi pọ̀ tó báyìí lórí ọ̀ràn Springfield, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìgbálẹ̀ yẹn.

Kò sí ìtàn bí èyí lójú NamUs. Bí a bá ṣí fáìlì ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, àwòrán rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà gíga rẹ̀, ìwọ̀n ara rẹ̀, àwọ̀ irun àti ojú rẹ̀, àmì ara tó bá ní, aṣọ àti ohun ọ̀ṣọ́, àti orúkọ ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá tí ọ̀ràn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àlàyé bó ṣe sọnù kì í gùn. Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo rò pé gbogbo ẹni tó ń fi ọ̀ràn yìí ṣe fàájì yẹ kí ó wò dáadáa: ọjọ́ orí méjì ni wọ́n máa ń kọ sí fáìlì kan, èyí tí ẹni náà jẹ́ nígbà tó sọnù àti èyí tí ì bá jẹ́ lónìí. Stacy tí gbogbo ayé ń pè ní ọmọdébìnrin ti lé ní àádọ́ta ọdún lórí ìlà kejì yẹn. Sherrill àti Suzie ni ilé ẹjọ́ ti kéde gẹ́gẹ́ bí òkú ní ọdún 1997, síbẹ̀ orúkọ wọn ṣì wà láàárín àwọn tí à ń wá, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn, nítorí ìkéde ilé ẹjọ́ kò sọ ibi tí ẹnikẹ́ni wà.

Apá kejì, ti àwọn òkú tí a kò mọ̀, ni iṣẹ́ gidi wà. Ní ọdún 2007 ni wọ́n ti ṣí apá yìí, ti àwọn tó sọnù tẹ̀ lé e ní 2008, wọ́n sì so méjèèjì pọ̀ ní 2009. Kó tó dìgbà náà, òkú tí wọ́n bá rí ní ìjọba ìbílẹ̀ kan lè wà nínú ìwé akọ̀wé ibẹ̀ títí láé, kí ẹbí tó ń wá èèyàn wọn ní ìpínlẹ̀ kejì má mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. NamUs fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn tó ń sọnù ní Amẹ́ríkà lọ́dún lé ní 600,000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń rí púpọ̀ jù lọ nínú wọn, pé òkú tí wọ́n ń rí láìmọ orúkọ ń lọ sí bíi 4,400 lọ́dún, àti pé nǹkan bí 1,000 nínú wọn ni kì í tíì ní orúkọ lẹ́yìn ọdún kan. Springfield kò jìnnà sí ààlà Arkansas, Oklahoma àti Kansas. Ẹni tó bá gbé èèyàn mẹ́ta sínú ọkọ̀ ní aago mẹ́ta òru lè ti kọjá sí ìpínlẹ̀ mìíràn kí oúnjẹ àárọ̀ tó délẹ̀.

A lè wá òkú obìnrin ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí a fi ọjọ́ orí tí wọ́n fojú bù, gíga àti ọdún tí wọ́n rò pé ó kú sẹ́ ẹ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwa tí à ń jókòó sílé ṣe ìwádìí ni pé ọdún 1992 àti 1993 nìkan ni wọ́n máa ń wò, bẹ́ẹ̀ sì ni egungun tí ọdẹ rí nínú igbó ní 2005 lè jẹ́ ti ẹni tó ti kú ní 1992. Ọjọ́ tí wọ́n rí òkú yàtọ̀ sí ọjọ́ tí òkú kú, NamUs sì pín in sí àyè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ibi tí owó iṣẹ́ náà ti jáde, lójú tèmi, ni àkójọ orúkọ àwọn tí wọ́n ti yọ kúrò. Nínú fáìlì òkú tí a kò mọ̀, a máa ń rí orúkọ àwọn ẹni àwátì tí àwọn onímọ̀ ti fi eyín, òǹtẹ̀ ìka tàbí DNA yẹ̀ wò, tí wọ́n sì ti rí i dájú pé òkú náà kì í ṣe tiwọn. Òkú kan lè ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lọ súà. Ẹni tó bá ti ń pariwo láti ọjọ́ pípẹ́ pé òkú báyìí-báyìí ni Suzie, tó wá rí orúkọ Suzie nínú àwọn tí wọ́n ti yọ kúrò, ó di dandan kí ó dákẹ́. Mo mọ ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn tí ìlà kan ṣoṣo níbẹ̀ ì bá ti parí.

Ọ̀ràn yìí tún ní ìṣòro kan tí kì í sábà wọ inú àríyànjiyàn. Ìyá àti ọmọ ni méjì nínú àwọn mẹ́ta náà. Oríṣi DNA kan wà tó máa ń pẹ́ nínú egungun tó ti gbó, èyí tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ ìyá nìkan. Òun sì ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń rí lò nígbà tí oríṣi kejì, èyí tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, bá ti bàjẹ́. Irú kan náà ni yóò wà lára Sherrill àti Suzie. Bí wọ́n bá rí egungun kan lónìí tí DNA rẹ̀ bá ti ìdílé náà mu, yóò ku kí wọ́n wo bí egungun ṣe dàgbà tó àti eyín kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ìyá ni tàbí ọmọ. Ìdí nìyí tí ìlà tó sọ bóyá àkọsílẹ̀ eyín wà tàbí kò sí fi ṣe pàtàkì ju bó ṣe kéré lójú lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé àwọn àbá náà síwájú NamUs. Àwọn kan gbára lé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ewé tó ti gbó, tí àwọn ẹlẹ́rìí sọ pé àwọn rí. Àwọn kan di ọ̀rọ̀ náà mọ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé wọ́n fọ́ ibojì láti yọ eyín wúrà, nítorí pé Suzie ti fẹ́ ọ̀kan nínú wọn rí, ó sì ti sọ ohun tó mọ̀ fún ọlọ́pàá. Ẹlẹ́wọ̀n kan wà ní Texas tó ń gbé ní Springfield nígbà náà, tó sọ fún oníròyìn pé òun mọ̀ pé àwọn obìnrin náà ti kú àti pé wọn kò ní rí wọn láé. Ẹnì kan pe ètò tẹlifíṣọ̀n kan ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1992, ìlà já kí wọ́n tó so ó pọ̀ mọ́ àwọn ọlọ́pàá, kò sì pè mọ́. Kò sí ẹni tí wọ́n tíì gbé lọ sílé ẹjọ́ lórí àwọn obìnrin náà títí di òní.

NamUs kò lè gbè lẹ́yìn ẹyọ kan nínú ìwọ̀nyí, nítorí kò sí àyè afurasí nínú rẹ̀ rárá. Mo mọrírì àìsí rẹ̀. Àbá tí a kò bá lè fi òkú tàbí ẹ̀rí ara dán wò, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ẹ wo àbá tó ní wọ́n sin wọ́n sábẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìwòsàn kan ní ìlú náà, nítorí pé onímọ̀ ẹ̀rọ kan fi radar wo abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ tó sì sọ pé òun rí ohun mẹ́ta. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1993 ni iṣẹ́ ìkọ́lé bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó ti lé ní ọdún kan tí àwọn obìnrin náà ti sọnù. Ẹni tó bá fẹ́ gba àbá yìí gbọ́ ní láti kọ́kọ́ sọ ibi tí wọ́n wà láàárín ọdún náà, n kò sì tíì gbọ́ ẹni tó sọ ọ́ tó mọ́gbọ́n dání.

Àbá tí mo rò pé ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ni pé Sherrill tàbí Suzie ni ẹni tó ṣe iṣẹ́ ibi náà ń wá, tàbí pé ó tẹ̀ lé àwọn ọmọbìnrin méjèèjì bọ̀ láti òde. Kò sí ẹni tó lè pète láti bá Stacy ní ilé yẹn, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni òun máa sùn títí di òru. Láàárín méjèèjì, n kò lè mú ọ̀kan, NamUs kò sì lè bá mi mú un.

Àléébù rẹ̀ wà, kò sì kéré. Fáìlì ẹnì kọ̀ọ̀kan dá dúró. Nínú ọ̀ràn tí èèyàn mẹ́ta ti kúrò nínú ilé kan lóru kan, ìpín yẹn ń fọ́ ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́: ẹni tó bá wá Stacy nìkan lè máà ronú kan àwọn méjì yòókù, bẹ́ẹ̀ sì ni egungun èèyàn mẹ́ta níbi kan ni ohun tó yẹ kí a máa wá. Èkejì ni pé gbogbo ìpínlẹ̀ kọ́ ló fi í ṣe dandan fún ọlọ́pàá láti kọ orúkọ síbẹ̀. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 pàṣẹ pé kí wọ́n so NamUs pọ̀ mọ́ àkójọ FBI, ilé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá òkú kan níbẹ̀ tí kò rí i kò gbọdọ̀ sọ pé òkú náà kò sí. Mo ti rí ẹni tó fi àìrí gbe àbá rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì burú púpọ̀. Ẹ̀kẹta ni pé ọlọ́pàá àti àwọn onímọ̀ òkú ń rí ohun tí àwa kò lè rí: wọ́n mọ ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ eyín, àwa mọ̀ pé ó wà lásán. Mo gbà pé ó yẹ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó túmọ̀ sí pé àwọn tó ti mọ ìdáhùn sí ìbéèrè wa lè ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ẹni tó ń wá ìtàn tí yóò mú kó má lè sùn lóru, kó má yọjú síbẹ̀, yóò sú u kíákíá. Ẹbí tí èèyàn rẹ̀ sọnù ní Amẹ́ríkà, títí kan àwọn ọmọ wa tó ń gbé níbẹ̀, lè forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n fúnra wọn ṣí fáìlì. Àwọn òṣìṣẹ́ NamUs yóò bá ọlọ́pàá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde fún gbogbo ayé. Ẹni tó bá sì rò pé òun ti rí òkú tó jọ ẹni tó sọnù, orúkọ ilé iṣẹ́ tó yẹ kó bá sọ̀rọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ fáìlì náà. Ibẹ̀ ni kó mú un lọ, kó má tẹ ìyá ẹnikẹ́ni láago.