Ẹ ṣọ́ra o! Oní-gbájú-ẹ̀ kan ń ta ìrìn-àjò kẹ̀kẹ́ sí Mallorca fún wa ní Iléṣà

Ẹ̀yin ará Iléṣà àti Ifẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ máa ń wá bá wa gun kẹ̀kẹ́ láti Òṣogbo àti Àkúrẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ tó bá ní òun fẹ́ kó yín lọ gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè Mallorca. Gbájú-ẹ̀ ni. Ó ti gba ₦2,600,000 lọ́wọ́ mi. Mi ò rí físà, mi ò rí tíkẹ́ẹ̀tì, mi ò rí òtẹ́ẹ̀lì, mi ò rí táyà kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ síbí torí ọ̀rọ̀ ti wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, àmọ́ màá ro ìṣe rẹ̀ délẹ̀ kí ẹ lè dá a mọ̀ tó bá yọjú sí yín, torí ó dá mi lójú pé kò tíì ṣíwọ́.

Owó àjọ ni o! Owó àjọ tí mo dá títí, tí mo wá fi owó kòkó oko bàbá mi lé lórí. Ìyàwó mi náà fi tirẹ̀ kún un. Kì í ṣe owó tí mo rí he lójú títì.

Àwọn kan ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi pé kí ni mo ń wá lọ sórí òkè Òyìnbó. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ láti Iléṣà gba Ìwàràjà lọ sí Ẹrìn-Ìjẹ̀ṣà, tí tírélà Àkúrẹ́ ń fọn fèrè mọ́ ọn lẹ́yìn, tó ń yà fún kòtò lọ́tùn-ún, tó ń yà fún ọ̀kadà lósì, kò ní bi mí nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Mallorca jẹ́ erékùṣù kan tó jẹ́ ti Sípéènì, inú Òkun Mẹditaréníà ló wà. Òkè tí wọ́n ń pè ní Serra de Tramuntana nà gbọọrọ lápá àríwá àti ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, UNESCO sì ti kà á mọ́ ogún àjọni gbogbo ayé láti 2011. Ọ̀nà Sa Calobra wà lórí òkè yẹn. Ó gùn tó kìlómítà mẹ́sàn-án àtààbọ̀, kọ́nà rẹ̀ lé ní 20, ó sì fi nǹkan bíi 700 mítà ga ju etíkun lọ. Kọ́nà kan wà níbẹ̀ tó yí po títí tí ọ̀nà fi gba abẹ́ ara rẹ̀ kọjá. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ sétí òkun, òun náà ni wọ́n ń gbà gòkè padà, àfi ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Port de Sóller. Àwọn eléré ìje tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun ní Yúróòpù máa ń lọ gbára dì níbẹ̀ kí ọdún ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wù mí nìyẹn. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Ọkùnrin yìí mọ̀ pé ó wù mí. Ibẹ̀ ló ti mú mi.

Ẹnì kan tí a jọ ń gun kẹ̀kẹ́ ló mú un wọ Wásáàpù wa. Ọmọ dáadáa létè, "ẹ̀gbọ́n mi" níbí, "ẹ̀gbọ́n mi" lọ́hùn-ún. Ó ní ọ́fíìsì o! Kápẹ́ẹ̀tì pupa nílẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù lókè, ìwé ẹ̀rí CAC nínú gíláàsì lára ògiri. Ó fi fídíò Sa Calobra hàn mí lórí fóònù rẹ̀, ó ní òun fúnra òun ló yà á. Ó gbé ìwé ètò ìrìn-àjò jáde, bébà tó nípọn, tó ń dán: ọjọ́ àkọ́kọ́, láti Port de Pollença lọ síbi ilé iná ọkọ̀ ojú omi ní Cap de Formentor, ọjọ́ kejì, Sa Calobra, ọjọ́ kẹta, Teide. Mo san ₦800,000 lọ́jọ́ náà, ó ní owó bàálù àti òtẹ́ẹ̀lì ni. Ó kọ rìsíìtì fún mi, ó lu òǹtẹ̀ aláwọ̀ àlùkò mọ́ ọn. Tàdáwà òǹtẹ̀ náà ò tíì gbẹ tó fi nà án sí mi, ó ràn mọ́ àtàǹpàkò mi, mi ò tètè rí i fọ̀ kúrò.

Kò pẹ́ tó fi pè mí pé físà ti délẹ̀, ₦600,000. Ẹ gbọ́ ná. Láti 2024, yúrò 90 ni owó físà Schengen, ìyẹn físà tí wọ́n fi ń wọ Sípéènì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, fún àgbàlagbà, kò sì sí bí ẹ ṣe lè ṣírò ẹ̀ lónìí tí yóò sún mọ́ iye yẹn. Ó ní kí n má wulẹ̀ dààmú lọ sí Èkó, pé òun ní èèyàn níbẹ̀. Ìka ọwọ́ mi ńkọ́? Ẹni tí kò gba físà Schengen rí gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ tẹ̀ka ni, kò sẹ́ni tó lè bá a tẹ ìka. Mo bi í! Ẹ má rò pé mi ò bi í o. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, ìyẹn ti wà nínú ètò, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá gbé yín lọ." Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò dé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ₦350,000 fún àpótí tí wọ́n máa fi di kẹ̀kẹ́ mi àti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Àpótí wo? Ṣọ́ọ̀bù tó ń fi kẹ̀kẹ́ yáni pọ̀ lọ súà ní Mallorca, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbé tilé dání. Ó kúkú ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé òun ti yá kẹ̀kẹ́ fún mi níbẹ̀! Kẹ̀kẹ́ méjì ni mo fẹ́ gùn lẹ́ẹ̀kan náà ni?

Èyí tó ń dùn mí wọra ni ₦850,000 tó kẹ́yìn. Ó ní ẹ́ḿbásì fẹ́ gba owó àfihàn, pé wọ́n á bá mi tọ́jú ẹ̀, wọ́n á sì dá a padà tí mo bá ti dé. Irọ́ gbuu. Ẹ́ḿbásì kì í bá ẹnikẹ́ni tọ́jú owó. Ìwé báńkì yín ni wọ́n máa ń bèèrè, láti mọ̀ pé owó wà nínú akáǹtì yín, kí owó sì wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Táyọ̀, owó yìí ti ń pọ̀ jù o." Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó fẹ́ dá mi lẹ́jọ́ rántí pé nígbà tí èèyàn bá ti san ₦1,750,000, ẹ̀rù pé kí ìyẹn má ṣòfò ló máa ń jẹ́ kó san ìyókù. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Orí ìyẹn ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ wọn lé.

Ìwé ètò tó ń dán yẹn ló tú àṣírí rẹ̀. Teide kò sí ní Mallorca! Tenerife ni Teide wà, ní àwọn erékùṣù Canary, inú òkun Àtìláńtíìkì, nítòsí Áfíríkà tiwa níhìn-ín. Òun ni òkè tó ga jù ní gbogbo Sípéènì, 3,715 mítà. Puig Major tó ga jù ní Mallorca kò tó ìdajì rẹ̀. Èèyàn á wọ bàálù la òkun kọjá kó tó ti ibi kan dé ìkejì, òun wá ní ká fi kẹ̀kẹ́ gùn ún lọ́jọ́ kẹta kí a sì padà wá jẹun alẹ́ ní Port de Pollença. Ó tún ní òun ti forúkọ wa sílẹ̀ fún Mallorca 312, ìrìn kẹ̀kẹ́ ńlá tí wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀ lọ́dọọdún, pé oṣù kẹjọ ni. Oṣù kẹrin ni wọ́n máa ń gùn ún! Ta ló ń gun 312 kìlómítà nínú oòrùn oṣù kẹjọ ibẹ̀?

Mo kọ ímeèlì sí ṣọ́ọ̀bù tó ní òun ti yá kẹ̀kẹ́. Wọ́n dáhùn lọ́jọ́ kejì pé àwọn ò rí orúkọ mi, pé nọ́ńbà tó wà lórí ìwé mi kì í ṣe irú tàwọn. Òtẹ́ẹ̀lì sọ bákan náà. Mo tẹ àmì ìwé bàálù sórí ìkànnì iléeṣẹ́ bàálù náà, ó gbé orúkọ mi jáde lóòótọ́, àmọ́ ó ní wọ́n ti wọ́gi lé e. Ṣé ẹ rí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ náà? Ó fi orúkọ mi di àyè mú, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó fi hàn mí, kò sì san owó ẹ̀. Tí a kò bá sanwó lásìkò, àyè yẹn á pòórá fúnra rẹ̀. Bébà lásán ni mo tọ́jú sínú Bíbélì.

Mo gba ọ́fíìsì rẹ̀ lọ. Ọmọ Òṣómàáló ni mí, mo ti múra láti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà náà títí màá fi gba owó mi. Ta ni mo fẹ́ lóṣòó dè? Onílé ní ó ti kó lọ, ó jẹ òun náà lówó ilé. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì lọ. Ó yọ ẹ̀rọ amúlétutù, ihò rẹ̀ ló kù lára ògiri. Fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́. Ẹni tó mú un wọ Wásáàpù wa ń sọ pé òun náà ò mọ̀ ọ́n dáadáa. O ò mọ̀ ọ́n dáadáa, o sì ń pè é ní "arákùnrin mi" níwájú gbogbo wa? Èló ló fún ọ nínú owó mi? Mo bèèrè é ní gbangba, kó dáhùn ní gbangba.

Àwọn tó ń bi mí pé ṣé mi ò ríran ni, mo ríran. Mo kàwé, mo mọ físà, mo bèèrè ìbéèrè. Òótọ́ ni pé ó yẹ kí n ti kọ ímeèlì yẹn kí n tó san kọ́bọ̀ àkọ́kọ́, ó ń jẹ mí lọ́kàn tọ̀sán tòru. Síbẹ̀, kí ló dé tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n jà lólè ló ń wá àwíjàre kiri, tí olè jókòó síbì kan tó ń jẹ owó kòkó bàbá mi?

Mi ò gba éjẹ́ǹtì kankan gbọ́ mọ́. Ẹ̀yin éjẹ́ǹtì tí ẹ bá ka èyí tí inú ń bí yín, ẹ lọ bínú sí ará yín tó ba orúkọ yín jẹ́. Àwọn tó ń ta kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kò sàn jù wọ́n. Ẹnì kan ní Ifẹ̀ ta kẹ̀kẹ́ fún mi, ó ní kábọ́ọ̀nù ni, èyí tó fúyẹ́ ju irin lọ. Mo gbé mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn nílé, ó gbá a mú pinpin. Irin ni! Mágínẹ́ẹ̀tì kì í lẹ̀ mọ́ kábọ́ọ̀nù. Ọ̀dà ni wọ́n kùn ún. Ta ni kí èèyàn wá bá ra nǹkan nílùú yìí?

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ lọ, ẹ gbọ́. Ẹ fúnra yín kọ̀wé sí òtẹ́ẹ̀lì àti ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́, kí ẹ sì wá àdírẹ́sì wọn fúnra yín, kì í ṣe èyí tí éjẹ́ǹtì kọ fún yín. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti sanwó ẹ̀ máa ń ní nọ́ńbà tó jẹ́ díjíìtì 13. Tó bá jẹ́ àmì lẹ́tà mẹ́fà nìkan ni wọ́n fún yín, ẹ pe iléeṣẹ́ bàálù. Ẹ má sanwó sínú akáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ èèyàn. Akáǹtì àdáni ni gbogbo owó mi wọ̀, ìwé CAC inú gíláàsì kò gbà mí. Ẹ lọ tẹ̀ka fúnra yín. Ìwé adójútòfò ìlera tó lè san tó yúrò 30,000 fún ìtọ́jú yín tí ẹ bá ṣàìsàn lọ́hùn-ún, ẹ ra tiyín lọ́wọ́ iléeṣẹ́ adójútòfò gan-an. Oṣù kẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá ni wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ jù. Ẹni tó bá ní oṣù keje tutù, ẹ sá fún un.

Ẹni tó bá ti sanwó fún ọkùnrin yìí, ẹ má tijú, ẹ má sì dúró di ọ̀la. Ẹ pe báńkì yín báyìí kí wọ́n lè bá báńkì tó gba owó náà sọ̀rọ̀ láti de owó tó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́ lórí Wásáàpù, títí kan ohùn rẹ̀ tẹ́ ẹ bá ní in. Kí ẹ wá kọ̀wé sí mi, ká jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Èmi nìkan ni mo ti ń lọ síbẹ̀, wọ́n sì ń sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ gbèsè láàárín èèyàn méjì ni. Tí a bá dé ibẹ̀ ní ọ̀pọ̀, tí akáǹtì kan náà wà lórí ìwé gbogbo wa, wọn ò ní lè sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.