Túùbù Heat Exchanger Tó Dípẹtà: Kí Ẹ Dí I, Kí Ẹ Bọ Sílíìfù Sí I, àbí Kí Ẹ Pààrọ̀ Rẹ̀?

Heat exchanger ni ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀pọ̀ túùbù gbé ooru láti inú ohun tó ń ṣàn kan sí òmíràn. Bí túùbù rẹ̀ bá dípẹtà, kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá owó lé àtúnṣe rẹ̀, ẹ bi í léèrè: ibo gan-an lára túùbù ni ìpẹtà ti jẹ ẹ́? Ṣé ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé ni, àbí jálẹ̀jálẹ̀? Ṣé inú ni, àbí ẹ̀yìn? Ẹni tí kò tíì mọ̀ tó sì ti ń dárúkọ iye, oògùn ló fẹ́ tà fún aláìsàn tí kò yẹ̀ wò.

Eddy current, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi iná mànàmáná wá àbùkù, ni wọ́n fi ń yẹ túùbù bàbà, idẹ, titanium àti ọ̀pọ̀ irin stainless wò. Bó bá jẹ́ irin tí òòfà ń fà, remote field, irú àyẹ̀wò náà tí wọ́n ṣe fún irin bẹ́ẹ̀, ni kí ẹ béèrè. IRIS, àyẹ̀wò tó ń lo ìró tí etí kò lè gbọ́, máa ń wọn bí ara túùbù ṣe nípọn tó kù, àmọ́ túùbù gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní kó tó ṣiṣẹ́, kì í sì yá. Bí wọ́n bá kàn fi agbára fún omi sínú rẹ̀, èyí tó ti lu nìkan lẹ máa rí, kì í ṣe èyí tó kù díẹ̀ kó lu.

Dídí, ìyẹn fífi pulọ́ọ̀gì dí ẹnu túùbù ní ìhà méjèèjì, ló yá jù, òun náà ló sì wọ́n kéré jù. Bí túùbù tó bà jẹ́ bá kéré, mi ò rí ìdí tí ẹ ó fi ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo túùbù tí ẹ bá dí ti bọ́ sẹ́yìn iṣẹ́ nìyẹn, omi á sì máa yára sí i nínú àwọn tó kù. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń dá a dúró níbi 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Àṣà lásán nìyẹn; ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà yín ṣírò ti ẹ̀rọ tiyín. Pulọ́ọ̀gì tí wọ́n ń fi òòlù gbá wọlé tó fún ibi tí agbára omi kò pọ̀. Níbi tó bá pọ̀, ẹ ra èyí tó ń fẹ̀ nínú túùbù. Jíjó pulọ́ọ̀gì mọ́ irin (welding) lè mú kí ẹnu túùbù tó wà nítòsí rẹ̀ tú. Ohun kan wà tí mi ò ní dákẹ́ lé lórí: kí wọ́n lu túùbù náà kí wọ́n tó dí i. Omi tó bá há sáàárín pulọ́ọ̀gì méjì máa di oru bí ẹ̀rọ bá gbóná, pulọ́ọ̀gì á sì fò jáde bí ọta ìbọn. Ó lè pa ènìyàn.

Sílíìfù, páìpù tín-ín-rín tí wọ́n ń bọ̀ sínú túùbù, ni mo rò pé àwọn olùrà kì í fún láyè tó. Ẹ ní kí wọ́n yọ túùbù kan, kí wọ́n fi ayùn là á gbọọrọ sí méjì. Bí ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé bá ń dán bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, tí ojú ihò kéékèèké tó rí bí àtẹ̀lẹ́sẹ̀ ẹṣin wà níbẹ̀, tí ibi yòókù sì ṣì le, omi tó ń dà gìrìgìrì wọlé ló ń họ ọ́. Páìpù kékeré tí wọ́n bọ̀ sínú ẹnu rẹ̀ tó láti gbà á là, túùbù náà á sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Ó gbọ́dọ̀ gùn kọjá ibi tó bà jẹ́, kí ìdí rẹ̀ sì rọra tẹ́ mọ́ ara túùbù. Bí ó bá dúró gẹ́gẹ́ bí àkàsọ̀, omi á máa họ ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó gùn jálẹ̀ túùbù náà wà, àmọ́ ó máa ń fún inú túùbù, kò sì lè gba ibi tí túùbù ti tẹ̀ kọjá.

Kíkùn inú túùbù pẹ̀lú epoxy, ọ̀dà tó máa ń le, dúró lórí bí wọ́n ṣe fọ inú túùbù tó àti bí ooru ṣe pọ̀ tó. Mi ò ní fi í ṣe àkọ́kọ́.

Pípààrọ̀ gbogbo túùbù yẹ nígbà tí ìpẹtà bá ti kárí, tí tube sheet (àwo irin tí ẹnu gbogbo túùbù wọ̀) àti àgbá ẹ̀rọ sì ṣì dára. Ẹ má ra irú irin kan náà láìmọ̀ ohun tó pa ti àkọ́kọ́. Ẹ sì má kù gìrì mú titanium: bí tube sheet bá jẹ́ idẹ, tí kò sí ààbò, tube sheet náà ni ìpẹtà máa kọjú sí. Nínú ẹ̀rọ tí túùbù rẹ̀ tẹ̀ bí lẹ́tà U, wọn kò lè yọ ti àárín láìkọ́kọ́ yọ ti ìta, nítorí náà bọ́ńdù tuntun (bundle, àkójọ gbogbo túùbù) sábà máa ń rọrùn jù.

Èyí tí ẹ bá mú, ẹ jẹ́ kó wà nínú àdéhùn pé wọn yóò fún yín ní àwòrán tube sheet tó fi nọ́ńbà gbogbo túùbù tí wọ́n dí tàbí tí wọ́n bọ sílíìfù sí hàn.