zpool get all: bí mo ṣe rí àyè tó sọnù nínú àká fídíò mi

Fídíò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú ni mo ń yà ní Ìjìgbò, l'Ádó-Èkìtì. Oníbàárà lè dé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kó ní kí n bá òun wá fídíò òkú ìyá òun, n kò sì gbọdọ̀ ní ó ti nù. Ìdí nìyí tí mo fi so díìsìkì 2TB méjì pọ̀ pẹ̀lú ZFS, ètò kọ̀ǹpútà tó ń bójú tó ibi tí a ń kó fáìlì sí, kí ohun tó wà nínú ọ̀kan wà nínú èkejì. "aka" ni mo pè é, bí àká tí àgbẹ̀ ń kó àgbàdo sí.

Àká kún. Mo ra 4TB méjì, mo fi wọ́n rọ́pò àwọn ti tẹ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n àyè 1.81T tí mo ń bá níbẹ̀ náà ni mo tún bá. Ó kù díẹ̀ kí n lọ gbéjà ko ẹni tó tà wọ́n fún mi. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká wo gbogbo ètò rẹ̀ ná." Mo tẹ àṣẹ tó ń to gbogbo ètò àká síta:

zpool get all aka

Ìlà ń tẹ̀lé ìlà. Expandsize (àyè tí àká ṣì lè gbà kún un) 1.82T, autoexpand (kó máa gbà á fúnra rẹ̀) off! Àyè ti wà nílẹ̀, a kàn ò tíì ní kó gbà á ni. Mo ṣe zpool set autoexpand=on aka, mo wá lo zpool online -e fún díìsìkì kọ̀ọ̀kan. Ó di 3.62T. Ọlọ́jà ò mọ̀ pé mo ti bú òun nínú ikùn.

Nínú òpó mẹ́rin tó máa ń tò síta, èyí tó kángun, SOURCE, ni mo fẹ́ràn jù. Tó bá kọ default, ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn án. Tó bá kọ local, ẹnìkan ti yí i. Mo rí local níwájú failmode, ètò tó ń sọ ohun tí àká máa ṣe bí díìsìkì bá já, ó ti di continue dípò wait. Wait ni mo fẹ́, kí ó dúró de díìsìkì tó bá já, kó má kàn máa sọ pé kò ṣeé kọ. Mo wo ọmọ náà. Orí ló ń họ.

Ohun tó bí mi nínú: àwọn ìlà feature@, ìyẹn àwọn àfikún iṣẹ́ tí ZFS lè ṣe, pọ̀ ju ètò fúnra rẹ̀ lọ, wọ́n á sì ti ohun tí èèyàn ń wá sókè. Ní báyìí, orúkọ ni mo ń pè: zpool get capacity,health aka. Ashift, tó ń sọ ìwọ̀n ègé tí ZFS fi ń kọ nǹkan sórí díìsìkì, tún ń purọ́ díẹ̀. Ó kọ 0 fún mi, ìyẹn ni pé òun ló yan iye fúnra rẹ̀, kò sì sọ èyí tó yàn. Compression, tó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré ńkọ́? Kò sí níbẹ̀ rárá, àṣẹ mìíràn, zfs get, ló ni ín. Epo jẹnẹrétọ̀ lítà méjì ló jóná kí n tó mọ̀.

Oṣooṣù ni mo ń tẹ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé báyìí, mo sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Èyí tó ní 1.81T ṣì wà níbẹ̀.