Àgbéyẹ̀wò Ìlú Blackpool: Etí Òkun àti Ẹ̀yìnkùlé

Manchester ni mo ń gbé, ó sì ṣòro láti rí ìdílé Yorùbá níbẹ̀ tí kò tíì kó ọmọ lọ rí sí Blackpool, ìlú etí òkun kan ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn England. Èmi náà ti kó tèmi lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti nígbà ìwọ́wé, mo sì lè jẹ́rìí pé owó táṣẹ́rẹ́ ni ènìyàn fi ń jayé níbẹ̀. Ní etí òkun, afárá mẹ́ta ni wọ́n nà wọ inú omi, èyí àkọ́kọ́ ti wà láti 1863. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń gbé ọmọdé rìn lórí iyanrìn. Ilé gogoro tí wọ́n ṣí ní 1894 sì ga tó mítà 158. Gbọ̀ngàn ijó inú ilé yìí ló wù mí jù, níbi tí àwọn àgbàlagbà ti ń jó ní méjì méjì sí ohùn dùùrù Wurlitzer lọ́sàn-án gangan. Mo rí bàbá kan tó fi ọ̀pá rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn àga kí ó tó nawọ́ sí ìyàwó rẹ̀, tó wá ń gbé ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ka owó. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọn a tan iná aláràbarà sí etí òkun fún nǹkan bíi kìlómítà 10, kí àlejò má baà tètè dáwọ́ wíwá dúró.

Ẹni tó bá yà sí ẹ̀yìn yóò rí ìlú mìíràn. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé ibẹ̀ ní 1846 ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ òwú Lancashire ti ń ya wá, ìlú kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ ìsinmi tirẹ̀, ni wọ́n bá kọ́ ilé ìgbàlejò lọ súà. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú olówó pọ́ọ́kú bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irú àlejò bẹ́ẹ̀ lọ sí Sípéènì, àwọn onílé pín púpọ̀ nínú ilé náà sí yàrá kéékèèké fún ẹni tí kò rówó gbé ibòmíràn. Ibùsùn tí kò wọ́n ló ń fa àlejò wá, òun náà ló ń fa tálákà. Ìwọ̀n àìní tí ìjọba gbé jáde ní 2019 sì fi Blackpool ṣe àkọ́kọ́ ní England.

Ní ilé tí a dé sí, ọ̀rinrin ti mú ògiri, omi gbígbóná sì máa ń tán kí gbogbo wa tó wẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ àárọ̀ ìyá onílé kún àwo dáadáa. Ilé kejì ti di ti ayálégbé: agogo ìpè tò jọ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, orúkọ wà lórí ìwé pélébé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin tó ní ọmọ dání, ẹ yẹra fún alẹ́ Sátidé, nítorí àwọn tó wá ṣàríyá fún ọ̀rẹ́ tó fẹ́ gbéyàwó máa ń mutí yó kẹ́ri. Àárín ọ̀sẹ̀ nínú oṣù Ọkitóbà ló dára jù, kí ẹ sì mú ẹ̀wù òtútù dání.