Oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú pọ́ǹpù tí mo fi ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú bíréèkì ọkọ̀ mi

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Oṣù mẹ́jọ rèé tí pọ́ǹpù afọwọ́fà yìí ti wà lọ́wọ́ mi ní Kàbà. Mo ti fi ṣe bíréèkì ọkọ̀ tèmi lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti fi ṣe ti aládùúgbò mi lẹ́ẹ̀kan. N kò fẹ́ tètè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, nítorí kò sí irinṣẹ́ tuntun tí kì í dùn lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ bíréèkì sì kọjá ohun tí èèyàn ń fi ọ̀sẹ̀ kan jẹ́rìí sí.

Toyota Corolla 1996 ni mò ń wà. Bíréèkì díìsì ló wà níwájú, ti dírọ́ọ̀mù lẹ́yìn, kò sì ní ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí a bá tẹ bíréèkì. Ohun tó sún mi ra pọ́ǹpù yìí ṣẹlẹ̀ ní ìgbà iṣu tuntun. Mò ń gbé ìyá mi lọ sí Okene, iṣu kún bùútù. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín àwọn òkè, ọkọ̀ akẹ́rù kan ń fà níwájú mi, ẹsẹ̀ mi ò sì kúrò lórí bíréèkì. Ṣàdédé ni pẹ́dàlì rọ̀ bíi búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú tíì. Mo tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀tẹ̀mọ́, mo já jíà wálẹ̀, ọkọ̀ tó dúró. Ìyá mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣe wá, ó ń ka iye iṣu tó máa fún àwọn ìbátan wa lọ ní tirẹ̀. Èmi ni òógùn bò. A simi lábẹ́ igi bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nígbà tí mo sì padà sídìí ọkọ̀, pẹ́dàlì ti le padà bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Ibi tó le padà yẹn ló jẹ́ kí n mọ ohun tó ń ṣe é. Òróró bíréèkì máa ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́, díẹ̀díẹ̀, àgàgà ní àsìkò òjò tiwa níbí. DOT 3, irú òróró bíréèkì kan, tó bá jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó tó ìwọ̀n 205 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tí omi inú rẹ̀ bá fi máa tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí 140 ló ti lè hó. Orí òkè gígùn, tí bíréèkì iwájú ti gbóná janjan, ni irú òróró bẹ́ẹ̀ ti ń di oru nínú páìpù. Òróró kò ṣeé fún pọ̀, ṣùgbọ́n oru ṣeé fún, bíi ti afẹ́fẹ́. Oru yẹn ni ẹsẹ̀ mi ń tẹ̀. Nígbà tó tutù, ó di omi padà, pẹ́dàlì sì le. Ẹni tó ń tún ọkọ̀ náà ṣe fún mi látẹ̀yìnwá kàn ń bu òróró tuntun lé ògbólógbòó lórí ni, ọdún dé, ọdún lọ. Nígbà tí mo fa ti inú páìpù jáde níkẹyìn, ó dúdú bí àgbo tó ti pẹ́ nínú ìkòkò. Ó dùn mí, nítorí mo sanwó fún iṣẹ́ náà nígbà gbogbo.

Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń fa ògbólógbòó òróró àti afẹ́fẹ́ jáde nínú bíréèkì láyé àtijọ́. Ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀, ẹnì kan dùbúlẹ̀ sídìí táyà. “Pọ́ǹpù! Pọ́ǹpù! Dì í mú!” Ti ìsàlẹ̀ á tú nípù, ìyẹn bóòtù kékeré oníhò tó wà lẹ́yìn bíréèkì táyà kọ̀ọ̀kan, òróró á tú jáde, á tún dì í, lẹ́yìn náà, “Tu ú sílẹ̀!” Ọ̀nà náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò kí nípù tó pa dé ti fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé. Ọmọ ilé kejì ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìyàwó mi ló mọ̀ ọ́n tẹ̀ jù, àmọ́ Lọ́kọ́ja ló ti ń ṣiṣẹ́, alẹ́ Fráídè ló ń wọlé. N kò lè jí i ní àárọ̀ Sátidé kó wá máa tẹ pẹ́dàlì.

Inú àpótí ike dúdú ni pọ́ǹpù náà wà: ọwọ́ tí a ń fún bíi ti ìbọn ìṣeré, géèjì, ìgò kékeré kan tó ní ìdérí, okùn rọ́bà, àti oríṣiríṣi ẹnu rọ́bà tí a ń fi bọ nípù. Owó rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin ohun tí mo máa ń san fún iṣẹ́ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan. Èèyàn á bọ rọ́bà mọ́ nípù, á máa fún ọwọ́ títí abẹ́rẹ́ géèjì fi wọ àárín 15 sí 20 inHg (òṣùwọ̀n agbára ìfà), á wá tú nípù díẹ̀, kò ju ìdajì yíyí kan lọ. Òróró á máa ṣàn sínú ìgò fúnra rẹ̀. Lára Corolla mi, sípánà 8 ló bá ti ẹ̀yìn mu, 10 ló bá ti iwájú. Sípánà olóòrùka ni kí ẹ lò, fíláàtì tí ẹnu rẹ̀ là máa ń bó orí nípù. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọ̀tún tó jìnnà jù sí másítà (sílíńdà tí pẹ́dàlì ń tì kí òróró lè lọ sí táyà), lẹ́yìn náà ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì. Ọkọ̀ mìíràn lè yàtọ̀, ìwé ọkọ̀ yín ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ohun tí kò sí nínú ìwé pélébé tó bá pọ́ǹpù náà wá rèé, òun ló sì gba ọ̀sán mi odindi. Mo fa táyà àkọ́kọ́, òróró mọ́ lóló, síbẹ̀ ìhó wínníwínní kò yéé kọjá nínú rọ́bà. Mo fa, mo tún fa, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ìgò òróró kan sórí táyà kan ṣoṣo. Mo ti ń rò pé ibì kan ń jò nínú sílíńdà táyà, ibi tí òróró ti ń ti bíréèkì. Ìgbà tí mo pa nípù dé, tí mo wọ inú ọkọ̀, tí mo tẹ pẹ́dàlì, ó le gbọnyin. Afẹ́fẹ́ tí mo ń rí kò ti inú bíréèkì wá rárá. Ẹsẹ̀ nípù tí mo tú ni pọ́ǹpù ti ń fà á wọlé láti ìta. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń fi gíríìsì díẹ̀ yí ìdí nípù ká kí n tó bẹ̀rẹ̀, ìhó náà sì dín kù gan-an. Tí ẹ bá ra irú rẹ̀, ẹ má fi ojú wo ìhó láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ parí. Ẹsẹ̀ yín lórí pẹ́dàlì ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ìgò rẹ̀ kéré jù. Ó ń kún kíá, tí òróró bá sì gòkè wọnú pọ́ǹpù fúnra rẹ̀, ó lè bà á jẹ́. Àǹfààní kan wà níbẹ̀ ṣá: bí mo ṣe ń dìde lọ dà á nù ni mo ń yẹ ike òróró wò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ike yẹn kò gbọdọ̀ gbẹ, torí tó bá fa afẹ́fẹ́ sínú másítà, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ gbé kọ́ọ̀bù omi sítòsí. Òróró bíréèkì ń jẹ ọ̀dà ọkọ̀, omi ló ń fọ̀ ọ́ kúrò.

Àwọn ìṣòro kan wà tí pọ́ǹpù yìí kò lè wò sàn. Bí ẹ bá tẹ pẹ́dàlì mọ́lẹ̀ tó sì ń rọra rì lọ láìsí ibi tó ń jò, rọ́bà inú másítà ni kí ẹ fura sí. Bí pẹ́dàlì bá jìn àmọ́ tó le nísàlẹ̀, ó lè jẹ́ pé ṣúù ẹ̀yìn, èyí tó ń há dírọ́ọ̀mù láti inú, ló fẹ́ àtúntò sí i. Tèmi rí bẹ́ẹ̀ nígbà kejì, afẹ́fẹ́ kọ́.

Ti aládùúgbò mi, Peugeot 504 tí wọ́n tò ní Kàdúná, la ṣe lóṣù tó kọjá. Nípù ẹ̀yìn ti dípẹtà pátápátá. Ó fẹ́ fi ipá tú u, mo bẹ̀ ẹ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, tó bá kán síbẹ̀, sílíńdà tuntun lẹ máa rà.” A fọ́n òróró atúpẹtà sí i, a rọra fi hámà kékeré kàn án, a fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó tú wẹ́rẹ́. Àmọ́ kò sí ẹnu rọ́bà kan nínú àpótí tó mú nípù náà dáadáa, èyí tó sì fẹ́ bá a mu ti ya lẹ́nu látìgbà tí mo ti lò ó ní ẹ̀ẹ̀kejì. Rọ́bà dírípù tuntun tí a rà ní ilé oògùn la gé fi rọ́pò rẹ̀. Ó mú nípù gírí, òun náà ni mo sì ń lò di òní.